Iná wo ló yẹ òwò yín? Ìfiwéra iná ọba, jẹnẹrétọ̀, sólà àti iná àdéhùn

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná fún un sílẹ̀ nígbà tí àdéhùn wọn bá parí, kó sì bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn tí owó tirẹ̀ dín, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wáyà rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba ti fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù yín wà ló ń pinnu ẹni tí yóò máa pín iná fún yín. Bí wọ́n ṣe pín in nígbà náà nìyí: Ìkẹjà àti Ìkòròdú bọ́ sọ́wọ́ Ikeja Electric, Lekki, Apápá àti Àgbárá bọ́ sọ́wọ́ Eko Electricity, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Ìlọrin di ti IBEDC, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì di ti BEDC. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò kankan èyí tó wù ú.

Síbẹ̀, yíyàn wà, ó sì ń ná èèyàn lówó gan-an bó bá ṣì í yàn. Ohun tí à ń yàn ni ibi tí iná wa yóò ti máa wá: iná ọba, jẹnẹrétọ̀, sólà, tàbí iná tí aládàáni ń pèsè fún ọjà tàbí ilé-iṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ní méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn pa pọ̀ láì ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni èrè wọn ti ń jò, ó sì ń dùn mí nítorí pé ìṣirò náà kò gbà ju bíńtín àkókò lọ.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye iná tí òwò yín ń jẹ, kí ẹ sì mọ wákàtí tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí, ohun tí olùtajà bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò rà. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, iye wáàtì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi iye wákàtí tí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà 1,000. Ohun tó bá jáde ni iye yúnìtì. Gílóòbù mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, tí wọ́n tàn fún wákàtí 10, jẹ yúnìtì 1. Fíríísà ní tirẹ̀ yàtọ̀, torí pé ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ń kú, ó ń jí. Fún irú èyí, ẹ ka mítà yín lálẹ́ òní, kí ẹ tún kà á lálẹ́ ọ̀la, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Òótọ́ yóò jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹja yìnyín ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ní fíríísà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ yúnìtì 4 lóòjọ́, tí gílóòbù, fáànù àti ẹ̀rọ POS sì ń jẹ yúnìtì 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 18 lójúmọ́. A ó máa padà sí yúnìtì 18 yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí mo máa ń fi wọn orísun iná ni iye tí yúnìtì kan ń jẹ́ nígbà tó bá dé ẹnu ẹ̀rọ yín, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sójú pátákó. Mo tún máa ń wo bóyá iná náà máa ń wà ní wákàtí tí ẹ fi ń pawó. Ilé búrẹ́dì tó ń po ìyẹ̀fun lóru àti télọ̀ tó ń ránṣọ ní ọ̀sán kò nílò iná kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye yúnìtì wọn lè dọ́gba. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò sì tún un ṣe bó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tí ọjà kún?

Ohun kan tún wà tí àwọn ayálégbé kì í sábà rò. Tí lánlọ́ọ̀dù bá ní kí ẹ kó jáde lẹ́yìn ọdún méjì, kí ni ẹ lè kó lọ? Jẹnẹrétọ̀ ṣeé gbé. Ínfátà àti bátìrì ṣeé gbé. Pánẹ̀lì orí òrùlé ṣeé tú, àmọ́ ó ní owó iṣẹ́ tirẹ̀, òrùlé onílé sì lè máa jò tí wọ́n bá tú u tán. Tíráńsífọ́mà tí ẹ dáwó rà fún àdúgbò, ibẹ̀ ló máa wà títí láé. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù ọdún kan kò gbọ́dọ̀ ná owó ọdún mẹ́wàá síbẹ̀.

Iná ọba

Mo máa pẹ́ díẹ̀ níbí, torí pé ibẹ̀ ni owó tó pọ̀ jù wà láti fi pamọ́.

Ní 2020 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, mú ètò báńdì wọlé. Fíìdà ni wọ́n ń pín sí báńdì, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Báńdì A ló yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, B fún wákàtí 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì kan ní Báńdì A fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225. Ó wálẹ̀ sí ₦206.80 ní oṣù Karùn-ún, ó sì tún gòkè díẹ̀ sí ₦209.50 ní oṣù Keje. Wọn kò fọwọ́ kan owó àwọn báńdì yòókù nígbà náà, nítorí náà yúnìtì Báńdì A wá tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti Báńdì B. Ẹ fi VAT 7.5% lé e.

Láti 2024 náà ni NERC ti ń fa àṣẹ lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin iná ọdún 2023 ṣe là á sílẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn náà ti gba tiwọn. Ohun tí èyí já sí fún oníṣòwò ni pé owó iná lè yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, àti pé, bí ìpínlẹ̀ yín bá ti gba àṣẹ náà, àjọ rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ lọ bá bí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná bá kọ̀ láti dá yín lóhùn. Kí ẹ tó fi iye tí mo kọ sókè yìí ṣírò, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ yín.

Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹja wa. Yúnìtì 18 ní Báńdì A, ní ₦209.50, jẹ́ ₦3,771. Tí VAT bá wọ̀ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦4,050 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ₦121,500 lóṣù. Owó ńlá ni. Ní Báńdì B, yúnìtì 18 yẹn kò ní tó ₦1,500 lójúmọ́.

Ibí ni èrò mi ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré wá Báńdì A kiri. Fíríísà kò nílò iná fún wákàtí 24. Èyí tó bá kún fún ẹja tó ti dì, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè di òtútù rẹ̀ mú ju ọjọ́ kan lọ. Wákàtí 16 tó bá wá déédéé tó fún un. Olówò ẹja tó rí ṣọ́ọ̀bù lórí fíìdà Báńdì B tó ṣeé fọkàn tán ti rí ohun tó dára ju Báńdì A lọ. Àmọ́ ilé ìtẹ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀, torí pé bí wákàtí 16 náà bá bọ́ sí òru, kò wúlò fún un. Iye wákàtí nìkan kọ́ ni kí ẹ béèrè. Ẹ béèrè pé ìgbà wo ló máa ń wá.

Ta ni kí ẹ bi? Kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù, kì í sì í ṣe ejẹ́ńtì. Ẹ lọ bá ìyá tó ń ta ohun mímu tútù lójú pópó náà, ẹ lọ bá onígbàjámọ̀, ẹ bi ọmọ tó ń lọ ata. Ẹ bi wọ́n nípa oṣù òjò àti oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n sọ orúkọ fíìdà àti báńdì rẹ̀ fún yín. Ó ṣeé ṣe kí apá ọ̀tún òpópónà wà lórí fíìdà kan, kí apá òsì wà lórí òmíràn. Mo mọ ibi tí ó ti rí bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn: owó ṣọ́ọ̀bù dọ́gba lápá méjèèjì, síbẹ̀ ìrírí wọn nípa iná jìnnà síra bí ọ̀run àti ayé.

Àwọn ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó ṣọ́ọ̀bù:

Gbèsè wà lórí mítà bí? Ẹni tó kó jáde lè ti fi gbèsè sílẹ̀, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tí ẹ bá fi ra yúnìtì. Ẹ gba nọ́mbà mítà náà, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mítà náà tiẹ̀ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù yín nìkan? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà, mítà kan ṣoṣo ni onílé ní, òun ló sì ń pín owó rẹ̀ fún àwọn ayálégbé bó ṣe wù ú. Ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ gba mítà tiyín, kí ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn. Bí kò bá sì sí mítà rárá, bílì àfojúbù ni ẹ ó máa gbà. NERC ti fi gbèdéke lé iye tí wọ́n lè kọ sínú irú bílì bẹ́ẹ̀, àmọ́ oníṣòwò tí kò ní mítà kò lè ṣírò ohunkóhun nínú òwò rẹ̀.

Ẹ gbé òṣìṣẹ́ iná dání kó wọn agbára iná náà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti tan nǹkan. Ó yẹ kó wà láàárín fóltì 220 sí 240. Bó bá ń já sí 180 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì fíríísà á máa gbóná, á sì jóná lọ́jọ́ kan. Ẹ bá a béèrè pẹ̀lú bóyá fèésì mẹ́ta wà lórí òpó, torí wẹ́dà, ẹlẹ́rọ ìlọta ńlá àti onílé búrẹ́dì nílò rẹ̀. Àwọn oníbàárà tí ẹrù wọn, ìyẹn iná tí ẹ̀rọ wọn ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, pọ̀ ni wọ́n ń pè ní MD, owó tiwọn sì máa ń yàtọ̀; ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ yín sí ipò tí kò bá ẹrù yín mu.

Nípa tíráńsífọ́mà: bí àdúgbò bá fẹ́ dáwó rà á, ẹ má ra wáyà kan kí ẹ tó bá ilé-iṣẹ́ iná tọwọ́ bọ ìwé tó sọ bí wọ́n á ṣe dá owó náà padà, yálà ní owó tàbí ní yúnìtì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí òpó, kò sí ẹni tó máa gbọ́ tiyín mọ́.

Ìdánilójú iná ọba ṣì kù díẹ̀ káàtó. Ní 2024, ètò wáyà tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ ju ìgbà 10 lọ, Báńdì A àti Báńdì E sì wọ òkùnkùn pọ̀. Àṣẹ NERC lọ́dún náà ni pé bí fíìdà Báńdì A kò bá rí wákàtí tó yẹ fún ọjọ́ méjì léraléra, ilé-iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún gbogbo ayé. Bó bá di ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já fíìdà náà sílẹ̀ ní báńdì, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, níbi tí ẹ ti ń kọ aago tí iná dé àti aago tó lọ, ni ẹ̀rí tí ẹ nílò. Bí àwọn ṣọ́ọ̀bù márùn-ún bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, wọ́n á dá wọn lóhùn ju bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe ń pariwo lọ.

Jẹnẹrétọ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní iye tí kò tó ₦200, ó kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré ti di iná tó wọ́n jù lọ lórí ilẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló rọrùn jù láti rà.

Jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù kékeré máa ń fúnni ní nǹkan bíi yúnìtì 1 àtààbọ̀ nínú lítà kan. Ká fi ₦900 ṣe iye lítà: yúnìtì kan ti di ₦600. Ṣọ́ọ̀bù ẹja wa á sun lítà 12 lójúmọ́, ìyẹn ₦10,800, kí ẹ tó ra ọ́ìlì, kí ẹ tó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó sanwó mẹkáníìkì. Ẹ fi ₦4,050 ti Báńdì A wé e.

Dísù sàn díẹ̀. Lítà kan lè fúnni ní yúnìtì 3, bó bá jẹ́ pé ẹrù tó pọ̀ tó ni jẹnẹrétọ̀ náà ń gbé. Ní ₦1,000 fún lítà, yúnìtì kan jẹ́ bíi ₦333. Gbólóhùn "bó bá jẹ́ pé" yẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí gbèsè. Ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ ńlá 20 kVA fún fíríísà mẹ́rin ń sun epo láti fi yí ẹ́ńjìnnì lásán, èéfín dúdú á sì máa dí i nínú díẹ̀díẹ̀. Ẹ ra èyí tí ẹrù yín yóò gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ dísù ń fẹ́ ọ́ìlì tuntun ní wákàtí 250: ẹni tó ń tan tirẹ̀ fún wákàtí 10 lójúmọ́ á máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní ọjọ́ 25.

Ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ta gbogbo yòókù yọ ni iṣẹ́ tó lágbára tí kì í pẹ́. Wẹ́dà tó fẹ́ jó géètì fún wákàtí mẹ́ta, olórin tó ń lọ síbi àríyá, ẹni tó ń kọ́lé sí ibi tí òpó kò tíì dé: kò sí ohun tó yẹ wọ́n bí i. Ó tún dára láti dúró gẹ́gẹ́ bí ìgbẹ́yìn. Àmọ́ kí jẹnẹrétọ̀ jẹ́ iná tí òwò gbára lé láti àárọ̀ dalẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni tó ní ọ̀nà mìíràn níyànjú bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tan án sí inú ṣọ́ọ̀bù, sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè. Gáàsì tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Sólà

Owó sólà wà ní ìbẹ̀rẹ̀, epo rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ́yìn náà. Nítorí ìdí yìí, ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má wo owó tí wọ́n pè nìkan. Ẹ pín in fún iye yúnìtì tí ẹ ó rí lò. Ká ní ètò kan ná yín ní ₦5,000,000, tí ẹ ń rí yúnìtì 15 lò nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́jọ. Yúnìtì 43,800 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bíi ₦114. Àmọ́ bí ẹ kì í bá ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú, tí kò sì sí ohun tó ń jẹ iná lọ́jọ́ náà, oòrùn á ràn dànù, yúnìtì yín á já sí bíi 37,500, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì di ₦133. Bó bá jẹ́ owó yíyá lẹ fi rà á, ẹ ka èlé mọ́ ọn. Síbẹ̀, ó ṣì dín sí Báńdì A, kò sì sún mọ́ epo rárá.

Pánẹ̀lì mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 550 lè fúnni ní bíi yúnìtì 20 ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, ó lè wálẹ̀ sí ìdajì. Olùtajà tó bá fi ọjọ́ oòrùn oṣù Kejì ṣírò fún yín kò sọ òtítọ́ tó pé. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo ojú pánẹ̀lì. Ẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún.

Bátìrì ni owó sólà sábà máa ń wọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Túbúlà, ìyẹn bátìrì olómi, mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12V 220Ah, dà bíi yúnìtì 10 lórí bébà. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n pẹ́, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò, ìyẹn bíi 5. Bátìrì lítíọ́mù kan tó jẹ́ yúnìtì 5 lórí bébà á fún yín ní ju 4 lọ láìsí ìyọnu, kò ń fẹ́ omi, ó sì máa ń lo ọdún tó ju ìlọ́po méjì túbúlà lọ tí wọ́n bá fi ínfátà tó bá a mu sí i. Túbúlà kò burú fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó, tó sì máa rántí omi rẹ̀. Lítíọ́mù ni mo máa ń gba oníṣòwò níyànjú láti rà, kódà bó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré ló kọ́kọ́ lè rà.

Fún ṣọ́ọ̀bù ẹja, ọgbọ́n kan wà tó ń dín owó bátìrì kù gan-an: kí fíríísà ṣiṣẹ́ tokuntokun ní ọ̀sán lórí pánẹ̀lì, kí wọ́n fi omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín kún àyè tó ṣófo nínú rẹ̀, kí wọ́n sì pa á dé lálẹ́. Yìnyín náà á gbé òtútù di òwúrọ̀.

Àwọn tí sólà kò yẹ ni àwọn tí ẹ̀rọ wọn ní mọ́tò ńlá. Mọ́tò máa ń fa ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà agbára rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ínfátà tí kò tóbi tó á sì kú síbẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta lè lo sólà fún iná àti fáànù, kó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún iná ọba tàbí dísù.

Kí ẹ tó sanwó: ta ni yóò dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ìwé ìdánilójú ta ni, ti ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni tàbí ti ẹni tó gbé e wá? Ẹ lọ wo iṣẹ́ tí ó ti ṣe fún ẹlòmíràn ní ọdún méjì sẹ́yìn, kì í ṣe èyí tó ṣe lóṣù tó kọjá. Ẹ tún gba ìwé lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù pé tiyín ni pánẹ̀lì orí òrùlé rẹ̀.

Iná àdéhùn

Níbi tí àwọn oníṣòwò bá pọ̀ sójú kan, aládàáni lè wá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ kó máa tà fún gbogbo wọn. Àjọ tó ń rí sí iná ìgbèríko, REA, fi ètò kan ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọjà: gáàsì ni wọ́n lò ní ọjà Súrà ní Èkó, sólà sì ni ti ọjà Ìsinkàn ní Àkúrẹ́. Owó yúnìtì níbẹ̀ sábà máa ń ga ju ti Báńdì B lọ, ó sì dín sí ti epo. Bí ẹgbẹ́ ọjà yín bá ń bá irú wọn sọ̀rọ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù: bí náírà bá já, ṣé owó yúnìtì á yí, iye kan ha wà tí a gbọ́dọ̀ san bí a kò tilẹ̀ lo iná, kí ni wọ́n á san fún wa bí iná kò bá wá?

Fún ilé-iṣẹ́ ńlá, ọ̀nà méjì ló tún wà. Páìpù gáàsì dé Àgbárá, Ọ̀tà, Ìkẹjà, Oregun àti Apápá, ilé-iṣẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀ sì lè ní ẹ̀rọ gáàsì tirẹ̀. Owó rẹ̀ dára púpọ̀ fún ẹrù tó dúró lójú kan tọ̀sán-tòru, àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò ọ̀pọ̀ àdéhùn gáàsì. Èkejì ni àǹfààní tí mínísítà iná nígbà náà, Babatunde Fashola, kéde ní 2017: ẹni tó bá ń lo mẹ́gáwáàtì 2 ó kéré tán lè ra iná tààrà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, láì ra á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in. Òun ló sún mọ́ yíyàn tí oníṣọ́ọ̀bù Peckham ní, ó sì jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa.

Ta ni kó mú èwo?

Télọ̀, onígbàjámọ̀, onídìrí, ẹni tó ń tún fóònù ṣe: ẹrù wọn kéré, ọ̀sán ni iṣẹ́ wọn. Sólà kékeré pẹ̀lú lítíọ́mù kan, kí wọ́n sì fi iná ọba báńdì èyíkéyìí kún un. Onídìrí tó ń lo ẹ̀rọ ìgbẹrun púpọ̀ ni kó ṣọ́ra, torí wáàtì ẹ̀rọ náà lè ju ti fíríísà méjì lọ. Kó fi ẹ̀rọ náà sórí iná ọba.

Olówò ẹja àti ohun mímu tútù: fíìdà Báńdì B tó wá déédéé, pẹ̀lú yìnyín. Bí kò bá rí i, Báńdì A. Sólà kó tẹ̀ lé e nígbà tí owó bá gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré fún ọjọ́ tí gbogbo ìlú bá wọ òkùnkùn.

Wẹ́dà, oníṣẹ́ pákó, ọlọ́lọ ata: fèésì mẹ́ta lórí Báńdì A tàbí B tí wákàtí rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sán, àti dísù lẹ́yìn rẹ̀. Fún wọn, àdúgbò ni kí wọ́n fi owó yàn, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ilé búrẹ́dì àti ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá: Báńdì A, mítà MD tiwọn, dísù tó bá ẹrù wọn mu gan-an. Sólà lè gbé ọ́fíìsì àti gílóòbù kúrò lórí mítà náà.

Ọ́fíìsì àti ilé-ẹ̀kọ́: sólà ni kó ṣáájú, wákàtí wọn àti ti oòrùn bára mu, àyàfi bí ẹ̀rọ amúlétutù bá pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní òrùlé tirẹ̀ tiẹ̀ ní àǹfààní tí ayálégbé kò ní.

Ilé ìwòsàn àti ilé ìtajà oògùn tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gbọ́dọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ lé orísun kan ṣoṣo. Kí fíríìjì abẹ́rẹ́ àti yàrá ìbímọ ní wáyà àti bátìrì tiwọn lọ́tọ̀, tí kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀, kí iná ọba máa gba agbára sí i, kí jẹnẹrétọ̀ sì dúró lẹ́yìn pẹ̀lú epo tó tó ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹnì kan máa tan jẹnẹrétọ̀ náà wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun tan án.